Nígbà tí Àgbà Bá Tún Ògbójú Ọdẹ Kà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Òótọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n ìwé kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó máa ń bá a jiyàn díẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ni ìwé náà, èyí tí olóògbé D. O. Fágúnwà kọ. Ẹni tí ó kà á ní ọmọ ọdún 10 rí ohun tí ó rí níbẹ̀. Bí ó bá tún un kà ní ẹni 60 ọdún, yóò rí òmíràn tí ojú èwe fò kọjá, ṣùgbọ́n yóò sì wá nǹkan kan tì tí ojú èwe ti rí láìṣe wàhálà. Ọ̀rọ̀ ohun tí àgbà rí àti ohun tí ó wá tì yìí tó ohun tí àwọn olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti òbí lè gbé yẹ̀ wò, pàápàá ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti ní ẹ̀dà ìwé náà kan rí, yálà ó ṣì wà nínú àpótí ni o, tàbí ikán ti jẹ ẹ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a rán àwọn ọ̀dọ́ létí bí ìwé náà ṣe dé ayé. Ọmọ Òkè-Igbó ni Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọdún 1903 ni wọ́n sì bí i. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nígbà tí Ẹ̀ka Ètò Ẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ìdíje ìwé kíkọ ní ọdún 1936. Ìwé tí ó kọ fún ìdíje yìí ni ilé ìtẹ̀wé C.M.S. gbé jáde ní ọdún 1938. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Nelson tún un tẹ̀ ní ọdún 1950, kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò wọ̀ mọ́. Ìwé ìtàn àròsọ mẹ́rin mìíràn tẹ̀lé e: Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó ní 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní 1954, àti Àdììtú Olódùmarè ní 1961. Odò kan lẹ́bàá Bídà ni ó gbé òǹkọ̀wé náà lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ẹni tí kalámù rẹ̀ ti kó ọ̀pọ̀ ọdẹ sọdá odò tí ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti Ìjẹ̀bú, ìwé kò tètè rí àyè wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ tí ó ti ẹnubodè rẹ̀ mọ́ àjèjì fún ìgbà pípẹ́ ni, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fún àwọn ajíhìnrere láàyè títí ogun Ìmàgbọn fi jà ní ọdún 1892, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì borí. Ohun ìyanu ni pé láàrin ìran kan péré, ilẹ̀ tí ó ti ilẹ̀kùn yìí di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ilé ẹ̀kọ́ ti gbilẹ̀ jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1913 ni wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀, ọmọ ahunṣọ, ọmọ oníṣòwò obì, gbogbo wọn ni ó jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Àwọn wọ̀nyí ni ó jogún Fágúnwà. Àwọn tí ó wọ kíláàsì kìíní ní ọdún náà ti lé ní ẹni 70 ọdún báyìí, àwọn ni wọ́n sì ń fi ìwé náà lé ọmọ-ọmọ lọ́wọ́, tàbí tí wọ́n ń rò ó wò bóyá kí wọ́n fi lé e.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí wọ́n ṣe ń kà á nígbà náà. Ìwé kan lè wà fún ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tí ohùn rẹ̀ já gaara ni yóò kà, àwọn yòókù yóò tẹ́tí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí wọ́n tan àtùpà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ a máa ka ìwé náà sétí ìyá àgbà tí kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ìyá àgbà a sì máa dá a dúró láti pa ìyókù òwe tí ó wà níbẹ̀, tàbí láti sọ pé ìtàn yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilé baba tòun. Ìwé náà gba irú ìkà bẹ́ẹ̀, nítorí bí òǹkọ̀wé ṣe gbé e kalẹ̀ gan-an nìyẹn: Àkàrà-Oògùn ń sọ, akọ̀wé ń kọ, bí ilẹ̀ sì ṣe ń mọ́ ni èrò ń pọ̀ sí i tí wọ́n ń wá gbọ́ ìtàn. Ọmọdé kò ka ìyẹn sí, ìtàn ni ó ń lé. Àgbà ni ó máa ń rí i pé Fágúnwà mọ̀ọ́mọ̀ gbé agbo àlọ́ abẹ́ òṣùpá wọ inú ìwé ni, nítorí àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ ti ń fà kúrò ní agbo náà.

Orúkọ inú ìwé di orúkọ ìnagijẹ. Ọmọ tí ó taagun ni wọ́n ń pè ní Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn. Ẹni tí ó mọ orin kọ ni Olóhùn-Iyọ̀. Ẹni tí ó ń gba ipò kìíní ni Ìmọ̀dòye. Títí di òní, bí ọmọ kan bá ń tú ilé ká, ẹnìkan yóò pè é ní Àjàntálá, bí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ mọ ojú ìwé náà rí.

Ohun kan tún wà tí ó kan Ìjẹ̀bú ní tirẹ̀. Èdè tí ọmọ Ìjẹ̀bú ń gbọ́ nílé kọ́ ni èdè inú ìwé. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣẹ́ ni wọ́n ń pe iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà tí ará Ọ̀yọ́ yóò ní kí wọ́n tún sọ. Ọmọ bẹ́ẹ̀ dé ilé ẹ̀kọ́, ó sì bá Yorùbá àjùmọ̀lò pàdé nínú ìwé Fágúnwà, Yorùbá tí ó kún fún ìgbéraga, tí ó ń to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni to ìṣáná sínú páálí. Fágúnwà pàápàá, Òkè-Igbó ni wọ́n ti bí i, ẹnu Ọ̀yọ́ kọ́ ni ẹnu ilé rẹ̀. Èdè tí òun náà kọ́ kí ó tó dá a lára ni ó fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọmọdé kò mọ èyí. Ó kàn rò pé bí ọlọ́gbọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Ìjẹ̀bú ni àròkọ wọn ní ọ̀nà àtijọ́ ṣì ń rùn fún Fágúnwà, tí wọn kì í dárúkọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n bá lè dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára, ṣùgbọ́n ó sàn ju ọ̀rọ̀ gbígbẹ lọ.

IGBÓ TÍ Ó WÀ LẸ́YÌNKÙLÉ

Ọmọ tí ó dàgbà ní àárín Èkó lè rò pé àròsọ lásán ni igbó inú ìwé náà. Ti ọmọ Ìjẹ̀bú kò rí bẹ́ẹ̀. Erédò yí ilẹ̀ náà ká, odi àti yàrà tí àwọn baba ńlá fi ọwọ́ gbẹ́, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi 160 kìlómítà, tí ìwọ̀n rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ yàrà dé téńté odi sì tó 20 mítà ní àwọn ibì kan. Igi ti hù lé e lórí, ìtàkùn ti dí i, bí ọmọdé bá sì sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, òkùnkùn díẹ̀ ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn ará Òkè-Ẹ̀rí sọ pé Bilikisu Sùngbọ́, obìnrin ọlọ́rọ̀ tí kò bímọ, ni ó mú kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ rẹ̀ má baà parẹ́. Lọ́dọ̀ wọn ni ibojì rẹ̀ wà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì sì ń lọ síbẹ̀. Ọmọ tí ó ti rí yàrà bẹ́ẹ̀, ṣé òun ni a óò sọ fún pé ibi tí ọdẹ ti lè jìn wọ inú ilẹ̀ kò sí?

Agẹmọ náà tún wà. Lọ́dọọdún ni àwọn alágẹmọ 16, tí Tami ti Òdogbolú jẹ́ olórí wọn, ń ti ìlú wọn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbéra lọ pàdé ní Ìmosàn lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn lójú ọ̀nà. Ọmọdékùnrin tí ó bá ti gbọ́ igbe ìkìlọ̀ rí, tí ó rí i bí ìyá rẹ̀ ṣe sáré wọlé ti ilẹ̀kùn, mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí àwọn ọkùnrin gbẹ́rù oògùn kí wọ́n sì máa lọ sí ibi tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ dé. Nígbà tí Fágúnwà bá kó ọdẹ méje jọ láti lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò ṣòro fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti gbà á gbọ́. Ohun tí ọmọdébìnrin tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń rò nígbà tí òun náà bá ń ka ojú ìwé kan náà, kò sí ẹni tí ó máa ń bi í léèrè nígbà náà.

Ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú, igbó ìjọba tí wọ́n ń pè ní Omo fẹ̀ tó nǹkan bíi 130,000 hẹ́kítà. Ní ọdún 1977 ni àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó tí ó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò. Erin ṣì wà nínú rẹ̀, erin gidi, kì í ṣe ti inú ìtàn. Ṣùgbọ́n apá tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti gé láti gbin igi gmelina tí wọ́n fẹ́ fi ṣe pépà ní ilé iṣẹ́ Ìwòpin, àwọn agégẹdú àti àwọn olóko kòkó sì ń wọ inú ìyókù lọ lójoojúmọ́. Ọmọdé a ka orí kìíní Ògbójú Ọdẹ, a sì máa bẹ̀rù igbó. Bí àgbà bá tún un kà lónìí, ìbẹ̀rù tí ó máa ń bá a ni pé láìpẹ́, ọmọ tí ó bá ń ka ìwé náà yóò máa bèèrè ohun tí igbó jẹ́.

OHUN TÍ OJÚ ÈWE FÒ KỌJÁ

Kí ni ọmọdé máa ń rántí nínú ìwé yìí? Àgbákò ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, ẹlẹ́ni-ọ̀tọ̀ tí ojú 16 yí orí rẹ̀ ká. Yóò rántí ẹ̀dá oníìpẹ́ tí ó fi Àkàrà-Oògùn ṣe ẹṣin, yóò rántí ìlú àwọn ẹyẹ àti ọba wọn Ògòǹgò, yóò sì rántí Wèrè-Ọ̀run. Nígbà tí àwọn ọdẹ bá wá dé ilé Ìrágbèje, tí baba náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìyànjú fún odidi ọjọ́ méje, ọmọdé a ṣí ìwé síwájú láti wá ibi tí ìjà ti tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọmọ tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ibẹ̀ gan-an ni àgbà máa ń jókòó sí. Àwọn ọ̀rọ̀ tí Ìrágbèje sọ lórí títọ́ ọmọ, lórí òbí tí ó kẹ́ ọmọ bàjẹ́, kò dùn létí ẹni tí kò tíì bímọ. Ẹni tí ó ti tọ́ mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú wọn kò gbọ́ràn, ni yóò kà á tí yóò dáwọ́ dúró láàrin gbólóhùn. Ìtàn Àjàntálá pàápàá ń yí padà lọ́wọ́ òǹkàwé. Ọmọ tuntun tí ó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, tí ó jẹ oúnjẹ ilé tán, tí ó na àgbà, ẹ̀rín ni fún ọmọdé. Àgbà a máa rí ìyá ọmọ náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ àgbà ti máa ń pa ìwé dé fún ìgbà díẹ̀ ni ti Kàkó. Ọkùnrin yìí ti fẹ́ gbé ìyàwó, obìnrin tí ó ti ń dúró dè é fún ọdún púpọ̀, nígbà tí ìpè ìrìn àjò Òkè Láńgbòdó dé. Obìnrin náà dì mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Kàkó fa àdá yọ, ó sì ṣá a pa. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ̀lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìrìn àjò sì ń bá a lọ. Ní kíláàsì, àwọn ọmọ a hó yèè, nítorí wọ́n rò pé akíkanjú ni ó ṣe bẹ́ẹ̀, tí kò jẹ́ kí obìnrin dá òun dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìlú. Bí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn bá ti wá di bàbá ìyàwó, tí ó ti fa ọmọ rẹ̀ obìnrin lé ọkọ lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà, ibi yìí kò ní ṣeé kà bí ó ṣe kà á tẹ́lẹ̀. Igbe obìnrin náà yóò pẹ́ létí rẹ̀ ju gbogbo orin Olóhùn-Iyọ̀ lọ.

Àwọn kan sọ pé kí wọ́n yọ ojú ewé náà kúrò nínú ẹ̀dà tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ. Kò dà bí ẹni pé ọgbọ́n ni èyí. Ẹni tí ó bá yọ ọ́, ó ti sọ Kàkó di ẹni mímọ́ tí kò jẹ́ rí. Fágúnwà fi orúkọ ńlá fún ọkùnrin náà, ó sì fi ìwà rẹ̀ sí gbangba níwájú òǹkàwé. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nígbà náà ni pé olùkọ́ kì í dá kíláàsì dúró níbẹ̀ láti bèèrè pé: ìlú wo ni ẹni tí ó pa aya rẹ̀ fẹ́ lọ wá àlàáfíà fún? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, nítorí ohun tí ọba rán àwọn ọdẹ náà lọ mú bọ̀ láti Òkè Láńgbòdó ni ohun tí yóò fi ìdí àlàáfíà múlẹ̀ ní ìlú.

Ọ̀rọ̀ ìyá Àkàrà-Oògùn fara jọ ọ́. Àjẹ́ ni ìwé pè é, ẹni tí ó pa àwọn orogún rẹ̀ àti àwọn ọmọ ilé run, tí ó sì di àgbọ̀nrín tí ọkọ rẹ̀ yìnbọn fún. Eré burúkú ni ìtàn náà, kò sì sí ọmọ tí kò gbádùn ìbẹ̀rù rẹ̀. Ìbẹ̀rù kan náà ni Olóyè Hubert Ògúndé, ọmọ Ọ̀ṣọ́ṣà tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde, gbé sórí sinimá nínú Àyé ní 1979 àti Jáíyésinmi ní 1980, tí àwọn ènìyàn fi ń tò sí ẹnu ọ̀nà ilé sinimá. Àgbà mọ ohun mìíràn pẹ̀lú. Ó ti rí arúgbó tí wọ́n fi orúkọ yìí lé kúrò nílé ọmọ rẹ̀, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó pẹ́ láyé nígbà tí àwọn èwe ń kú. Òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà jogún tilẹ̀ kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ láti pe ẹlòmíràn ní àjẹ́. Nínú ìwé yìí kan náà ni Ìrànlọ́wọ́ wà, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, tí ó bọ́ ọdẹ náà nígbà tí ebi fẹ́ pa á nínú igbó. Àwọn ọmọ kì í sábà rántí rẹ̀, ó sì ṣe ni láàánú, nítorí láìsí i, ìtàn ì bá ti parí kí ó tó gbóná.

Ọ̀rọ̀ irúnmalẹ̀ gan-an kò ní ṣàìkan àwọn tí ó mọ àṣà. Lẹ́nu babaláwo, irúnmalẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá ẹ̀gàn. Àwọn tí Olódùmarè rán wá sí ayé ni. Nínú ìwé Fágúnwà, iwin, ọ̀rọ̀ àti ẹbọra ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Ọmọ onígbàgbọ́ àkọ́kọ́ ní ìlú rẹ̀ ni òǹkọ̀wé náà, ṣọ́ọ̀ṣì ni ó sì tọ́ ọ. Ó kó gbogbo igbó baba rẹ̀ wọ inú ìwé, lẹ́yìn náà ó fi ìwàásù ṣe ọgbà yí i ká. Ní ìlú bí Ìjẹ̀bú-Òde, tí àwọn ọmọ Mùsùlùmí pọ̀ nínú kíláàsì, tí gbogbo ilé sì máa ń tú jáde lọ sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, kò sí ẹni tí ó bínú sí ìwàásù náà. Wọ́n gbọ́ Ọlọ́run níbẹ̀, ó sì tó wọn. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ni ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú, wọ́n kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó wà lára àwọn tí ó ṣe àtúnkà ìwé yìí fún gbogbo ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Òdopótu, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, kọ odidi ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì lórí àwọn ìwé ìtàn Fágúnwà ní ọdún 1974. Ó fi hàn ibi tí òǹkọ̀wé náà ti yá nǹkan lọ́wọ́ àlọ́ Yorùbá, lọ́wọ́ Bíbélì àti lọ́wọ́ ìwé ìrìn àjò Onígbàgbọ́ ti John Bunyan, kò sì fi ìfẹ́ bo àléébù mọ́lẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí baba rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìṣarà-Rẹ́mọ, túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1968 ni ìtumọ̀ náà jáde, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní àtìmọ́lé ìjọba ológun. Ní ọdún 2010, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 75 ọdún, ó tún gbé ìtumọ̀ Igbó Olódùmarè jáde. Ó ti gba ẹ̀bùn Nobel láti 1986. Ẹni tí kò sí ìwé tí kò lè kà ní ayé ni ó padà sí ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Ohun kékeré kan máa ń dá àwọn tí ó ṣí ẹ̀dà àtijọ́ lójú rú. Ìkọsílẹ̀ èdè wa ti yí padà láti ìgbà náà. Lẹ́yìn iṣẹ́ àwọn ìgbìmọ̀ ní àwọn ọdún 1960, ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí a ń lò lónìí. Ẹni tí ó kọ́ “aiye”, “enia” àti “ọkọnrin” lójú ìwé Fágúnwà wá ń rí “ayé”, “ènìyàn” àti “ọkùnrin” nínú ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwọn àgbà kan ṣì ń kọ ti àtijọ́ nínú lẹ́tà, àwọn olùkọ́ a sì máa fi báírò pupa gé e fún ọmọ tí ó bá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Kò yẹ kí a gé e láìṣàlàyé.

LỌ́WỌ́ TA NI ÌWÉ YÓÒ WÀ?

Ìṣòro tí ó tóbi jù wà níwájú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ kéde pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Inú àwọn olùkọ́ Yorùbá dùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi máa kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má dá ìjọba nìkan lẹ́bi. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ìjọba tó sọ ohunkóhun rárá ni òbí ti ń bá ọmọ wí fún “fanákúlà”, tí wọ́n ń na ọmọ nítorí èdè ìyá rẹ̀. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ Yorùbá kí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ṣùgbọ́n bí ó bá rí gbólóhùn Fágúnwà tí ó gùn láti òkè ojú ewé dé ìdajì rẹ̀, yóò tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Nítorí náà, àgbà tí ó ń tún ìwé yìí kà kì í dá a kà fún ara rẹ̀. Bí ó bá ń kà á ni ó ń wo ojú ọmọ-ọmọ tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ọ̀nà tí ó ti ṣiṣẹ́ nígbà kan lè tún ṣiṣẹ́: kí wọ́n kà á sókè. Ìwé tí ó ṣòro fún ojú rọrùn fún etí, pàápàá ìwé tí wọ́n kọ bí ẹni tí ń sọ ìtàn. Ìyá àgbà tí ó ń dá ọmọ dúró láti pa òwe ti di ẹni tí ń kàwé fún ọmọ. Ipò ni ó yí padà, iṣẹ́ kò yí padà. Bí ó bá sì dé ọ̀rọ̀ tí ọmọ kò mọ̀, kí ó sọ ọ́ ní ẹnu Ìjẹ̀bú. Yóò yà á lẹ́nu bí ọmọ yóò ṣe rẹ́rìn-ín, tí yóò sì rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, kí wọ́n fi ti Kàkó àti aya rẹ̀ sílẹ̀ títí di ìgbà tí yóò lè dáhùn ìbéèrè. Fún àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ gíga girama, ibẹ̀ ni kí olùkọ́ ti gba wákàtí kan gbáko, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin kíláàsì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Ìrágbèje kò ní dùn mọ́ wọn, kí wọ́n má sì fi agídí kà á fún wọn ju ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje náà lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú, níbi tí òǹkọ̀wé ti ń ní kí òǹkàwé jó sí ìlù tí òun ń lù, lè dúró di ìgbà tí wọ́n bá ti mọ ìlù náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, kí ó ti ibi Àgbákò bẹ̀rẹ̀.